Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀: bí ẹ ṣe lè ka Computer Science já ní yunifásítì

Sátidé tó kọjá ni ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa ní Bàrígà wọlé tọ̀ mí wá, laptop lábẹ́ abíyá, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá màmá mi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ pààrọ̀ kọ́ọ̀sì." Ọdún kìíní ló wà, Computer Science ló ń kà. Nínú ìdánwò kékeré tí wọ́n ṣe lórí C, èdè kan tí à ń fi kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, 11 ló gbà nínú 40. Mo ní kó jókòó, kó mu omi, kó mú ìwé ìdánwò náà wá kí n wò ó.

Bí mo ṣe ń wò ó ni mo ń rí ara mi lọ́dún 2014. Ó ti há gbogbo nóòtì sórí. Bí ẹ bá ní kó sọ ìtumọ̀ loop, ìyẹn iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe léraléra, á kà á geerege bí ẹni ń ka Sáàmù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ ìlà márùn-ún sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí mo ní kó sọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò gbé jáde, ó dákẹ́. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí a jọ sọ lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ wà nírú ipò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ohun tí mi ò rántí sọ fún un.

Iṣẹ́ náà le. Mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí kọ́ ló ti le. Wọ́n á ní ọpọlọ àwọn kan gbé e, ti àwọn kan ò gbé e. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti rí àwọn tó gba òdo lọ́dún kìíní tí wọ́n ń fi iṣẹ́ yìí jẹun lónìí.

Ibi tó ti le gan-an

Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Màmá mi tó ń ta aṣọ ní Ọ̀yìngbò lè wò mí níwájú àlejò, kó kàn ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí." Mo ti mọ̀ nìyẹn pé kí n dìde kúrò lórí àga, kí n gbé omi wá, kí n sì má padà wá jókòó sí àárín àgbà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta, kò sì sí èyí tó dárúkọ nínú wọn.

Kọ̀ǹpútà ò ní inú tí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ máa dé. Ohun tí ẹ bá sọ ló máa ṣe, ohun tí ẹ ní lọ́kàn kò kàn án. Gbogbo ọgbọ́n ìbánisọ̀rọ̀ tí ilé fi kọ́ wa, pé kéèyàn má tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ jù, pé olóye á mọ̀, ẹ ní láti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá jókòó síwájú ẹ̀rọ yìí. Ìyẹn ló ń gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Kò sí ẹni tó ń sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń kọ́ nìyẹn, ni wọ́n ṣe ń rò pé orí àwọn ni ò pé.

Ẹ wo èmi. Wọ́n ní ká kọ program, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tó máa ṣírò ìpíndọ́gba máàkì ọmọ mẹ́rin. Àpapọ̀ máàkì wọn jẹ́ 250. Ẹ pín 250 sí mẹ́rin, 62.5 ni, ọmọ pírámárì mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà gbé 62 fún mi. Mo tún un kọ, 62. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, 62. Láti aago méje alẹ́ ni mo ti wà lórí rẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́, mo sì sùn pẹ̀lú èrò pé laptop mi ti bàjẹ́. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n kan tó wà lọ́dún kẹta wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Odidi nọ́mbà lo kó fún un, odidi nọ́mbà ló máa kó fún ẹ."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Nínú C, tí ẹ bá pe nọ́mbà méjèèjì ní int, ìyẹn odidi nọ́mbà, tí ẹ wá fi ọ̀kan pín èkejì, ohun tó bá wà lẹ́yìn pọ́íǹtì ló máa sọ nù. Kì í sún un sókè. Kódà kó jẹ́ 62.9, 62 ló máa gbé jáde. Ẹ ní láti sọ ọ̀kan nínú wọn di double, ìyẹn nọ́mbà tó lè ní pọ́íǹtì, kó tó fi ìdá náà sílẹ̀. Mo ti sọ fún un pé "pín in", mi ò sọ pé "má da ohunkóhun nù". Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ.

Dennis Ritchie ló ṣe C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1972, nígbà tí ibi ìkóǹkansí inú kọ̀ǹpútà kéré púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí C kì í fi dúró máa ṣọ́ yín. Tí ẹ bá ya àyè mẹ́wàá sọ́tọ̀, láti 0 ló ti máa ń kà á dé 9. Tí ẹ bá lọ kọ nǹkan sí àyè 10, ó lè máà pariwo rárá, kó kàn lọ kọ ọ́ lé orí nǹkan mìíràn tí ẹ tọ́jú sílẹ̀. Python, èdè mìíràn tí Guido van Rossum gbé jáde lọ́dún 1991, máa ń kígbe tí ẹ bá kọjá ààyè, àti pé nínú Python òde òní, 250 pín sí 4 á fún yín ní 62.5 láìjanpata. Síbẹ̀, tí ilé-ìwé yín bá fi C bẹ̀rẹ̀, ẹ má bínú. Ẹni tó fi C bẹ̀rẹ̀ á jìyà ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n á mọ ohun tó wà nínú ìkòkò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọbẹ̀.

Bírò kí laptop tó dé

Ohun tó yọ mí nìyí, òun ni mo sì kọ́kọ́ kọ́ ọmọ yẹn. Ẹ pa laptop dé. Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ mú program kan tí kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, ẹ fa òpó kan fún variable (orúkọ tí à ń fi nǹkan pamọ́ sí) kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá máa tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni pé ẹ̀yin ni kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi ọgbọ́n tiyín kún un. Ohun tí ìlà náà bá sọ ni kí ẹ ṣe.

Ká ní ohun tí wọ́n kọ nìyí: total jẹ́ 0, i jẹ́ 1, níwọ̀n ìgbà tí i bá kéré sí 5, fi i kún total, kí o sì fi 1 kún i. Ẹ kọ ọ́ sínú òpó: total 0, i 1. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, total 1, i 2. Lẹ́yìn ìyẹn, total 3, i 3. Lẹ́yìn ìyẹn, total 6, i 4. Lẹ́yìn ìyẹn, total 10, i 5. Ṣé 5 kéré sí 5? Rárá. Ó dúró. Ìdáhùn jẹ́ 10. Ẹni tó kọ ọ́ sì fẹ́ àròpọ̀ láti 1 dé 5, ìyẹn 15. Àmì kan ṣoṣo ló fà á: ó kọ i < 5 níbi tó yẹ kó kọ i <= 5. Ẹni tó ń wojú laptop lásán lè lo wákàtí méjì lórí èyí. Ẹni tó fa òpó máa rí i níbi tí i ti di 5 tí ẹ̀rọ sì kọ̀ láti wọlé.

Méjì lójúmọ́ ti tó. Kò yẹ kó gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kí ẹ tó tan laptop, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé yóò jáde síbi kan. Ẹ wá tẹ program náà pẹ̀lú ìka yín, ẹ má kó o láti ibì kankan wá lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Tí èsì bá bá tiyín mu, ẹ kọjá lọ. Tí kò bá bá a mu, inú yín ni kó dùn, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà. Ẹ má tíì fọwọ́ kan code náà o. Ẹ padà sí orí ìwé títí ẹ ó fi rí ìlà tí ẹ̀yin àti ẹ̀rọ ti pínyà.

Àwa ọmọ ilé-ìwé máa ń ráhùn pé kí ló dé tí wọ́n ń ní ká fi bírò kọ program nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Èmi náà ráhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fa òpó láti oṣù mẹ́ta kì í bẹ̀rù ìdánwò bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó ń ṣe nílé ni wọ́n ní kó wá ṣe. Ó sì tún wúlò fún wa ní Èkó níbí, níbi tí iná lè lọ lọ́jọ́ mẹ́ta. Ìwé àti bírò ò nílò jẹnẹrétọ̀.

Ní ti ChatGPT, tó ti wà láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, mi ò ní sọ pé kí ẹ má lò ó, torí èmi náà ń lò ó níbi iṣẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí òpó yín ṣáájú rẹ̀. Ẹ fa òpó, ẹ kọ ohun tí ẹ rò, ẹ wá bi í ní ìbéèrè tó kù. Ọmọ tó ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ fún un ṣe lódidi ti gbé ogún ìṣẹ́jú tí ì bá sọ ọ́ di èèyàn fún ẹlòmíràn.

Ìṣirò tó ń lé ọmọ sá

Ọ̀pọ̀ tó ń pààrọ̀ kọ́ọ̀sì, kì í ṣe program ló lé wọn, ìṣirò ni. Discrete mathematics, ìyẹn ìṣirò nípa ohun tí a lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ń bẹ níbẹ̀, àwọn mìíràn náà ń bẹ níbẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù bà wọ́n ni pé kí wọ́n ka nọ́mbà ní ìpìlẹ̀ 2 tàbí 16 dípò 10. Ó sì ń yà mí lẹ́nu, torí ọmọ Yorùbá ni wá, ìpìlẹ̀ 20 la fi ń kà láti ilé. Ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin. Àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta dín mẹ́wàá. Àrúndínláàádọ́ta, ẹ wò ó, a ti kọ́kọ́ dé 60, a yọ 10, a tún yọ 5, kí a tó dé 45. Ìyá tó ń fi ìyẹn ka owó lọ́jà ò mọ̀ pé òun ń ṣe ìṣirò tó le. Ẹni tó bá mọ̀ pé mẹ́wàá kàn jẹ́ ibi tí àwọn kan yàn láti máa kó nọ́mbà jọ, ìpìlẹ̀ 2 ò lè lé e mọ́.

Ẹ tún wo Ifá. Ẹ̀sìn kọ́ ni mo ń sọ, ilé Kírísítẹ́nì ni wọ́n bí mi sí. Àmì mẹ́jọ ni babaláwo máa ń tẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ẹ kọ 2 ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, 256 ni, iye odù tó wà nìyẹn: ojú odù 16, ọmọ odù 240. Byte kan nínú kọ̀ǹpútà jẹ́ bit mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, òun náà jẹ́ 256. Nígbà tí mo rí èyí lọ́dún kìíní, mo dìde láti ibi tí mo ti ń kàwé, mo lọ sọ fún bàbá àgbà mi. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin rò pé òní ni wọ́n ti ń kà á?"

Ní ti "tàbí" inú logic, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tí kì í ṣe òótọ́, ẹ ṣọ́ra, torí kì í ṣe ti ẹnu wa. Tí ìyá olóúnjẹ bá bi yín pé ẹran tàbí ẹja, ẹ mọ̀ pé ọ̀kan ni owó yín ká. Nínú logic, tí méjèèjì bá jẹ́ òótọ́, "tàbí" ṣì jẹ́ òótọ́. Ní ti ẹ̀rí (proof), ìyẹn àwọn ìlà tí à ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìṣirò kan jẹ́ òótọ́, ẹ pa ìwé dé kí ẹ tó máa kọ ọ́. Tí ẹ bá lè kọ ọ́ láìwò, tí ẹ sì lè sọ ìdí tí ìlà kọ̀ọ̀kan fi tẹ̀lé èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan níbẹ̀ tí mo mọ̀.

Ohun tí mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi

Bàbá mi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ ariwo àwọn ẹ̀rọ náà àti òórùn yíǹkì. Ní gbogbo ìsinmi, ibẹ̀ ni mo máa ń wà, mo ń to ìwé ìsanwó. Lọ́jọ́ kan, ọmọṣẹ́ kan gbé páálí tí ó kún fún ìwé ẹgbẹ̀rún kan, tí nọ́mbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 1000. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀, ó sì dàpọ̀. Oníṣẹ́ ń bọ̀ wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo ń wá ibi tó yẹ kí ó wọ̀ nínú èyí tí mo ti tò. Bàbá mi jẹ́ kí n ṣe bí àádọ́ta, ó wá ní, "Wàá pẹ́ níbẹ̀ o." Ó pe gbogbo wa, àwa mẹ́jọ, ó pín ìwé náà fún wa, ó ní kí kálukú to ìwọ̀nba tirẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, ó kó wa pọ̀ ní méjì méjì. Ó ní kí a gbé òkìtì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a má wo inú, kí a wo èyí tó wà lókè nìkan. Èyí tí nọ́mbà rẹ̀ bá kéré nínú méjèèjì, ká mú un, ká dà á dé sí òkìtì tuntun, ká tún wo òkè. Òkìtì mẹ́jọ di mẹ́rin, mẹ́rin di méjì, méjì di ọ̀kan. Kí oníṣẹ́ tó dé, a ti ń jẹ ẹ̀wà àgọ̀nyìn.

Lọ́dún kejì ni olùkọ́ wa kọ merge sort, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà to nǹkan, sójú pátákó. John von Neumann ló ṣe é lọ́dún 1945. Gbogbo kíláàsì dákẹ́, àwọn kan ń kọ ọ́ láìmọ ohun tí wọ́n ń kọ. Omi bọ́ lójú mi, nítorí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo ń wò. Bàbá tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ ni.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fi ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún kan wé gbogbo ìyókù, ìfiwéra 499,500 ni. Tí ẹ bá pín in tí ẹ sì tún un dàpọ̀ lọ́nà bàbá mi láti orí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù kan ìwé ni, ti àkọ́kọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 bílíọ̀nù, ti èkejì á wà ní nǹkan bí 20 mílíọ̀nù. Big O tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà yín, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi: tí ìwé bá pọ̀ sí i, báwo ni wàhálà náà ṣe máa pọ̀ tó?

Nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá kọ́ yín ní algorithm, ìyẹn ìgbésẹ̀ tí à ń tẹ̀ lé láti yanjú nǹkan, ẹ gé páálí sí wẹ́wẹ́, ẹ kọ nọ́mbà sí i, mẹ́jọ ti tó, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ bí ẹ ṣe ṣe é ní Yorùbá, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó máa ń ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe rán an. Ẹ fún àbúrò yín nílé kó ṣe é. Ibi tó bá ti wojú yín tó ní, "Kí n wá ṣe kí ni?", ibẹ̀ ni ẹ ti sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó kọ ọ́ ní C.

Ẹ lè rí ìyókù, ìyẹn àwọn ọ̀nà tí à ń gbà to nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ní ojú títì. Ìlà àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì BRT ni queue: ẹni tó kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ wọlé. Ìjókòó danfo ni stack: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n máa ń sún mọ́ fèrèsé, òun ló sì máa gbẹ̀yìn bọ́ sílẹ̀, tí ó bá fẹ́ bọ́ ní Fádéyí, gbogbo ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ dìde. Láti ọjọ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ẹ wá àáró

Ẹ má dá a kà. Àwọn baba ńlá wa máa ń ṣe àáró: lónìí gbogbo ẹgbẹ́ á lọ sí oko tèmi, lọ́la á di oko tìẹ. Àwa mẹ́rin la jọ ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀, a máa ń wà nínú kíláàsì kan títí ilẹ̀ á fi mọ́, a sì máa ń mú ìṣòro ẹnì kan ṣoṣo. Òfin tiwa ni pé ẹni tó ni ìṣòro ló máa dúró níwájú pátákó, ló máa di ṣọ́ọ̀kì mú, àwa yòókù á kàn máa bi í ní ìbéèrè. A kò gbọ́dọ̀ gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ tí àwọn yòókù ń dà á kọ kì í ṣe àáró, ẹ jáde níbẹ̀.

Ẹ má sì fi ọdún kìíní ṣeré. Lórí òṣùwọ̀n 5, 4.50 ni first class, ìpele èsì tó ga jù lọ, ti ń bẹ̀rẹ̀, ọdún kìíní sì wà nínú rẹ̀. Tí carryover, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí ẹ fìdí rẹmi tí ẹ ní láti tún ṣe, bá wọlé, ẹ má fi pamọ́ fún ilé, ẹ tètè sọ.

Laptop, iná, àti iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ sọnù

Laptop tòkunbọ̀ ti tó. Tí ẹ bá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání. RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ sí) 8 GB àti SSD (ibi ìkóǹkansí tó yára) ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì lò ó láìfi iná sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tó san owó. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì tèmi kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, owó tí màmá mi fi oṣù mẹ́rin kó jọ sì ni. CS50, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Computer Science ti yunifásítì Harvard, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá rí dátà, ẹ gbà á sórí ẹ̀rọ yín kí ẹ máa wò ó nígbà tí kò bá sí dátà. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́dún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa sì fi í parí CS50 náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ kọ́ Git ní ọdún kìíní. Linus Torvalds ṣe é lọ́dún 2005, ó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí ẹ bá ṣe sí iṣẹ́ yín. git add, git commit àti git push, èyí tó ń gbé iṣẹ́ yín lọ sí ibòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìrìn láti Yábà sí ilé ni wọ́n ti jí àpò mi gbé nínú ọkọ̀ ní ọdún kẹrin, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú iṣẹ́ àṣejáde mi sì bá a lọ. Mo tún un kọ láti òdo.

Oṣù mẹ́fà I.T.

SIWES, ètò I.T. (Industrial Training) tó ń rán ọmọ ilé-ìwé lọ sí ibi iṣẹ́, ti wà láti ọdún 1973, kí ọmọ ilé-ìwé lè fi ọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹ má kàn wá ibi tó bá ṣáà gbà yín. Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe fótókópì, tí mo sì ń ra oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá. Mo kúrò. Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni màá máa jókòó tì?" Tí wọn ò bá lè dárúkọ ẹnì kan, ẹ wá ibòmíràn.

Ibi kejì jẹ́ ọ́fíìsì kékeré kan ní ìtòsí Sábó, èèyàn márùn-ún péré. Wọ́n ní kí n wá ìdí tí àpapọ̀ owó oníbàárà wọn fi máa ń yẹ̀ pẹ̀lú kọ́bọ̀ kan tàbí méjì. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ka code tí ẹlòmíràn kọ, n kò kọ ìlà kan. Ohun tí mo rí nìyí: wọ́n ń tọ́jú náírà pẹ̀lú pọ́íǹtì. Ìpìlẹ̀ 2 ni kọ̀ǹpútà ń lò, 0.1 kò sì lè parí ní ìpìlẹ̀ 2, bí ìdá kan nínú mẹ́ta kò ṣe lè parí ní ìpìlẹ̀ 10, tí á máa jẹ́ 0.333 lọ. Ẹ ní kí Python ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 lẹ máa rí. Díẹ̀ díẹ̀, kọ́bọ̀ ń jò. Mo sọ gbogbo owó náà di kọ́bọ̀, odidi nọ́mbà, ká tó ṣírò ohunkóhun, ó sì dúró. Int tó fìyà jẹ mí lọ́dún kìíní ló gbà mí níbẹ̀. Ọ̀gá náà pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn ìwé mi. Ẹni tí mo jókòó tì níbẹ̀ ló kọ́ mi pé kíka code ẹlòmíràn ni ìdajì iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì.

Ṣé kí n pààrọ̀ kọ́ọ̀sì?

Mo sọ fún ọmọ yẹn pé kó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe òpó rẹ̀, méjì lójúmọ́, kó tó bá màmá rẹ̀ sọ ohunkóhun. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá pé, kó má wo máàkì. Kó wo ara rẹ̀: nígbà tó bá rí ibi tí òun àti ẹ̀rọ ti pínyà, ṣé inú rẹ̀ dùn díẹ̀, àbí ó kàn fẹ́ kó tán? Tó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kó tán lójoojúmọ́, èmi fúnra mi ni màá tẹ̀ lé e lọ bá màmá rẹ̀, kò sì ní sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fún un lọ sílé nìyí, ẹ̀yin náà ẹ mú bírò. Nọ́mbà mẹ́fà: 14, 9, 23, 5, 23, 11. Àyè wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 5. Variable méjì: tóbi, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 14, àti àyè, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0. Ẹ máa lọ láti àyè 1 dé àyè 5. Tí nọ́mbà ibẹ̀ bá ju tóbi lọ, ẹ fi nọ́mbà náà rọ́pò tóbi, kí ẹ sì kọ ibi tí ó wà sínú àyè. Ẹ fa òpó yín. Ó yẹ kí àyè jẹ́ 2. Ẹ tún un ṣe, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ yí > padà sí >=. Ó yẹ kí ó jẹ́ 4.

Alẹ́ ọjọ́rú ló pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti rí 2, òun sì ti rí 4. "Àǹtí, ṣùgbọ́n èwo lẹ fẹ́ gan-an? Ẹ kàn ní kí n wá ibi tí èyí tó tóbi jù wà ni, ẹ ò sọ èyí tí màá mú tó bá jẹ́ méjì."